Kòkòrò kan ń jẹ òwú pupa inú aṣọ ìpò ìyá mi

Ọmọ_Bùnú
Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá àgbà kan papòdà nínú ìdílé wa, a sì ṣí àpótí tí ìyá mi ń kó aṣọ ìpò sí, aṣọ olówùú pupa tí a ń lò níbi ìsìnkú, kí a lè yẹ̀ wọ́n wò ṣáájú ìsìnkú. Mẹ́ta ni wọ́n. Méjì ti lu. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ibi tí òwú pupa gbà kọjá nìkan ló lu. Òwú funfun àti èyí tí wọ́n rẹ láró ṣì le koko, èèyàn lè máa kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ihò.

Nígbà tí mo gbọn aṣọ náà, àwọn nǹkan tín-tìn-tín kan já bọ́ sílẹ̀. Gígùn wọn kò tó ti èékánná ọwọ́ mi. Pupa ni wọ́n, àwọ̀ aṣọ náà gan-an, mo sì rò pé pàǹtí òwú ni, títí ọ̀kan fi yọrí síta tó bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ lọ tòun ti ilé rẹ̀. Mo tún rí labalábá kékeré kan aláwọ̀ eérú, ó sáré wọ abẹ́ aṣọ tó kù. Kò fò. Sísá ló sá.

Àwọn aṣọ yìí ti wà kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ẹni tó hun wọ́n kò sí mọ́. Kí ni kòkòrò yìí, kí sì ni mo lè ṣe kí ẹ̀kẹta má baà bá wọn lọ?

Ọ̀dọ́_Ìjùmú
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ikán ni mo fura sí. Ikán ló jẹ gbogbo ìwé bàbá mi ní Ìyárà. Ẹ wo ẹsẹ̀ àpótí náà bóyá ẹ ó rí iyẹ̀pẹ̀.

Ọmọ_Bùnú
A ti wò ó, àbúrò. Kò sí iyẹ̀pẹ̀, igi àpótí náà kò sì ní ojú ihò kankan. Ṣé ikán á jẹ pupa kó fi funfun sílẹ̀?

Ìyá_Aláṣọ_Kàbà
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta aṣọ òfì, mo mọ ọ̀tá yìí dáadáa. Kì í fọwọ́ kan etù, kì í wo ibi tí léèsì wà. Sányán ló ń wá, àti kóòtù onírun àgùntàn tí àwọn bàbá ń wọ̀ nígbà ọyẹ́. Káńfọ̀ ni kí o rà. Fi méjì méjì sí gbogbo ìṣẹ́po aṣọ, kí o ti àpótí pa. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ náà dára.

Tíṣà_Ìsánlú
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, kòkòrò ni mo sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ kúnná.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa rí, kòkòrò aṣọ tó ń gbé ilé rẹ̀ kiri ni. Ìran tó ti wá ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Tinea. Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden kan, ló fún un lórúkọ lọ́dún 1758, ọdún yẹn kan náà ló sì ṣàpèjúwe èyí tó lókìkí jù nínú ìran náà, Tinea pellionella. Tó bá na ìyẹ́ rẹ̀, mìlímítà 9 sí 16 péré ni láti ìkángun kan dé èkejì. Ó ní àmì dúdú kan tó hàn lórí ìyẹ́ iwájú kọ̀ọ̀kan, àti àwọn àmì kéékèèké tó máa ń parẹ́ bí ìyẹ́ náà bá ti ń gbó.

Labalábá fúnra rẹ̀ kì í jẹ aṣọ. Ẹnu rẹ̀ kò dá fún oúnjẹ rárá. Kó gùn, kó yé ẹyin, kó kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ìdin tó jáde láti inú ẹyin ló ń jẹun. Bó bá ti jáde báyìí, yóò pọ òwú láti ẹnu ara rẹ̀, yóò já irun lára aṣọ mọ́ ọn, yóò sì fi hun àpò kan tó ṣí lójú méjèèjì. Inú àpò yìí ni yóò máa gbé títí yóò fi di labalábá. Ó lè yí padà sínú rẹ̀ kó yọrí lódì kejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ẹ rí fi pupa: aṣọ ìyá yín ni wọ́n wọ̀ sọ́rùn. Àrìgìṣẹ́gi tí ẹ máa ń rí lórí igi, mọ̀lẹ́bí wọn ni.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ òwú pupa náà. Òwú tí àwọn ìyá wa ní Bùnú ń gbìn kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe pupa yẹn. Bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa ti ọsibítù ni wọ́n ń tú, wọ́n á wá fi okùn rẹ̀ hun aṣọ. Irun àgùntàn ni bùláńkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún. Irun, ìyẹ́ ẹyẹ, ìwo, pátákò, èékánná, ohun kan náà ló mú gbogbo wọn le, kẹ́rátìn lorúkọ rẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí tó lè jẹ kẹ́rátìn kó sì dà nínú rẹ̀ kò pọ̀ láyé yìí. Ìdin Tinea wà lára wọn, nítorí omi inú ìfun rẹ̀ ń já ìdè súfúrù tó so kẹ́rátìn pọ̀. Òwú tiwa, ara ewéko ni, kò sí kẹ́rátìn nínú rẹ̀. Kòkòrò yín kò mọ pupa yàtọ̀ sí funfun, irun ló ń wá.

Ohun kan tún kù. Àfòpiná tí a fi ń pòwe máa ń lọ bá fìtílà. Èyí ń sá fún ìmọ́lẹ̀. Tí ẹ bá rí labalábá tó ń yí gílóòbù po lálẹ́, ẹ jẹ́ kó máa ṣeré rẹ̀, òun kọ́. Èyí tó ń sáré wọ kọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ ṣí àpótí ni kí ẹ lé.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́pà
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dúró lórí káńfọ̀ tí màmá sọ, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú káńfọ̀ oníhóró funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà, naphthalene ni. Láàárín àwa Yorùbá, nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà tí à ń pè ní G6PD tó. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa ṣeré, kó máa dàgbà, kí ìyá rẹ̀ má mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọ tuntun, tí wọ́n fi aṣọ tó ti wà nínú káńfọ̀ dì í, tàbí tó ń sùn nínú yàrá tí òórùn rẹ̀ gbà kan, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Ojú rẹ̀ yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, awọ ara rẹ̀ náà. Bí oró inú ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ náà bá dé ọpọlọ, ọmọ náà lè kú. Bó bá yè, ó lè di adití, ó sì lè máà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láé.

Mo ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ kò ṣe aburú kankan ju pé ó tọ́jú aṣọ ọmọ rẹ̀ kó tó bí i. Láti ọdún 2008 ni àwọn orílẹ̀-èdè inú àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de naphthalene fún kòkòrò aṣọ. Ní tiwa, a ṣì ń kì í bọ àpótí ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a dáwọ́ rẹ̀ dúró nínú ilé tí ìkókó tàbí aboyún bá wà. Òtapíápíá kò sì ní jẹ́ àrọ́pò rẹ̀ o, oró tó ń pa èèyàn ni. Kí ẹnikẹ́ni má fọ́n ọn sí ohun tí yóò kan ara.

Ìyá_Aláṣọ_Kàbà
Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìyàwó ọmọ mi ń tọ́mọ lọ́wọ́, inú ilé kan náà la wà. Màá kó gbogbo rẹ̀ jáde lónìí. Àmọ́ ẹ má fi wá sílẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Kí ni kí ẹni tó ní sányán ṣe? Kò kúkú sí irun àgùntàn nínú sányán, kí ló dé tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́?

Tíṣà_Ìsánlú
Màmá, ìbéèrè ńlá lẹ bi mí. Sányán gan-an, ẹnu kòkòrò ló ti jáde. Àwọn ìdin Anaphe, ìran labalábá òru mìíràn, ló máa ń kó ara wọn jọ sínú ilé kan ṣoṣo lórí igi, ilé yẹn ni wọ́n ń sè kí wọ́n tó ran òwú rẹ̀. Nítorí náà kòkòrò kan ló pọ̀ ọ́, kòkòrò mìíràn ló ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe oúnjẹ tí ìdin aṣọ fẹ́ràn tó irun, ṣùgbọ́n yóò jẹ ẹ́, àgàgà ibi tí òógùn bá ti gbẹ sí.

Òógùn yìí ni kí ẹ fojú sí. Irun àgùntàn tó mọ́ tónítóní kò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ ìdin yìí yó, ó nílò iyọ̀ àti fítámì tó wà nínú òógùn, ọ̀rá ara àti ọbẹ̀ tó ta síni láṣọ. Agbádá tí a wọ̀ lọ òde, tí a jó nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí a wá ká sínú àpótí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àsè la fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọrùn, abíyá àti etí ọwọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó ká aṣọ pa mọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn àwọn ibẹ̀ yẹn, kí ẹ tẹ́ aṣọ sí afẹ́fẹ́. Dóńgóyárò ò burú, àmọ́ òórùn ewé kò lè pa ìdin tó ti wọlé sínú aṣọ.

Ọmọ_Ọdẹ_Ẹ̀gbẹ̀
Tíṣà, ẹ sọ̀rọ̀ ìwo, ó sì fà mí wọlé. Bàbá mi fi ìwo ẹfọ̀n kan kọ́ sára ògiri pálọ̀. Láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn nǹkan kan ti ń hù jáde lára rẹ̀, wọ́n gùn, wọ́n rí wúruwùru, àwọ̀ ilẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ń sọ pé ìwo náà ń ta gbòǹgbò. Ṣé àwọn kòkòrò yìí náà nìyẹn?

Tíṣà_Ìsánlú
Àwọn mọ̀lẹ́bí wọn ni! Ceratophaga vastella ni wọ́n ń pe èyí. Onímọ̀ kòkòrò kan, Zeller, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1852, inú Tinea ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi sí kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀. Ọmọ Áfíríkà ni. Ìwo àti pátákò ẹran tó ti kú ni oúnjẹ rẹ̀, kódà inú igbó. Àwọn òpó tó hù jáde yẹn, ìdin ló fi òwú ara rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ kọ́ wọn, òpó yẹn ni yóò gbà jáde nígbà tó bá di labalábá. Àwọn arìnrìn-àjò àtijọ́ kan jiyàn pé ó ń jẹ ìwo lórí ẹran tó ṣì wà láàyè, kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ràn kòkòrò yìí o. Tí kì í bá ṣe òun àti àwọn bíi tirẹ̀, ìwo àti pátákò ì bá kún ilẹ̀ igbó. Kò ní wá jẹ aṣọ yín. Bí ìwo náà bá ṣe iyebíye fún yín, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ gbọn ohun inú rẹ̀ dànù.

Ọ̀dọ́_Ìjùmú
Ní tèmi, ara ògiri ni mo ti ń rí tiwọn. Pẹlẹbẹ ni, ó ṣe ṣóńṣó lójú méjèèjì bí hóró ẹ̀gúsí, àwọ̀ sìmẹ́ńtì. Tí mo bá fi ìgbálẹ̀ kàn án, ìdin kan máa ń yọrí. Ṣé kí n máa pa wọ́n?

Tíṣà_Ìsánlú
Ìran mìíràn nìyẹn, Phereoeca. Ó pọ̀ nínú ilé ní gbogbo ilẹ̀ olóoru. Okùn aláǹtakùn, irun tó já sílẹ̀ àti òkú kòkòrò ló ń jẹ, iyanrìn àti eruku ló fi ń bo àpò rẹ̀. Bí ẹ bá gbá okùn aláǹtakùn kúrò ní kọ̀rọ̀ ilé, tirẹ̀ á dínkù. Àpò ti Tinea kì í ní iyanrìn lára, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ aṣọ tó jẹ ni yóò sì ní. Nǹkan tí ẹ lè fi dá wọn mọ̀ yàtọ̀ nìyẹn.

Ìran kan wà tí wọ́n ń pè ní Tineola, èyí tí kì í gbé ilé kiri rárá. Òun máa ń ta òwú bo ojú aṣọ ni, labalábá rẹ̀ a máa dán bíi wúrà láìní àmì kankan. Wọn kò jọra, ṣùgbọ́n aṣọ kan náà ni wọ́n ń jẹ.

Ọmọ_Bùnú
Tíṣà, mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ ìyá mi, wọ́n ní kí n kí yín gidigidi. Wọ́n wá bèèrè pé: a kì í ṣí àpótí yìí lọ́dún méjì, mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ sì ń bẹ lára rẹ̀. Níbo ni kòkòrò ti wọlé?

Tíṣà_Ìsánlú
Ìyá ti fọwọ́ kan ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ni mímọ oríṣiríṣi ọmọ ìran Tinea ti wúlò.

Kí èèyàn tó máa hun aṣọ ni wọ́n ti ń jẹun. Ìtẹ́ ẹyẹ ni ilé ọ̀pọ̀ wọn, níbi tí ìyẹ́ wà lọ́pọ̀ yanturu. Tinea columbariella, ìtẹ́ ẹyẹlé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Tinea trinotella, tó ní àmì mẹ́ta lórí ìyẹ́, ìtẹ́ ẹyẹ náà ni. Tinea semifulvella ní Yúróòpù, tí etí ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ìtẹ́ ẹyẹ ló ti ń wá, ó sì máa ń jẹ irun àgùntàn. Tinea pallescentella ló tóbi díẹ̀ jù wọ́n lọ, irun òkú ẹran a máa tó o.

Ní ti pellionella fúnra rẹ̀, òun nìkan kọ́ ló jọ bẹ́ẹ̀. Gaden Robinson ti British Museum kó gbogbo wọn jọ lọ́dún 1979, ó sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ti ń pè ní pellionella káàkiri ayé, ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n: Tinea dubiella, Tinea murariella, Tinea flavescentella, àti Tinea translucens tó fẹ́ràn ilẹ̀ olóoru. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀yà ìbímọ wọn ni wọ́n ń yẹ̀ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ní ilẹ̀ tiwa tó gbóná, translucens ni mo fura sí jù nínú àpótí yín.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí aṣọ, ẹ gbójú sókè. Ṣé ìtẹ́ ẹyẹ wà nínú àjà? Ṣé ìrọ̀rí oníyẹ̀ẹ́ wà nítòsí, tàbí awọ ewúrẹ́ tó ti pẹ́, tàbí òkú eku lẹ́yìn àpótí? Ìdin tín-ín-rín máa ń gba ojú ìdè ìdérí wọlé, kò bèèrè kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ_Bùnú
Mo ti padà dé láti abúlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a rí. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ti kọ́lé sí òkè òpó àjà, ibẹ̀ sì ti jẹrà tó ń já sílẹ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ wà lórí ìdérí àpótí náà lábẹ́ eruku. A tú ìyẹ́ yẹn wò: àpò bíi ti inú aṣọ wà nínú rẹ̀, eérú ni àwọ̀ wọn. Ọmọ ẹyẹ ò sí nínú ìtẹ́ náà mọ́, àbúrò mi ti tú u, a sì ti dí ihò àjà.

Tíṣà_Ìsánlú
Eérú láti inú ìyẹ́, pupa láti inú aṣọ. Ẹ ṣé tí ẹ wò ó dáadáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí ìtẹ́ tí ọmọ ẹyẹ ṣì wà nínú rẹ̀, kó jẹ́ kí wọ́n fò tán ná.

Ahunṣọ_Ògìdì
Òkun o, gbogbo ilé. Ìyá mi hun aṣọ lórí òfì òòró, èmi náà ń hun ún. Mo bẹ̀ yín, Ọmọ_Bùnú, ẹ má fọ aṣọ ìpò náà. Pupa yẹn lè ṣí bo funfun, kò sì sí ohun tí a lè fi yọ ọ́. Ẹ má gé etí ihò kankan pé ẹ fẹ́ kó dọ́gba. Okùn funfun tó kù yẹn ni òpó tí a ó fi hun pupa padà. Wíwá bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn báyìí ló le, èyí tó kún ọjà jẹ́ ti ọ̀rá. Okùn ọ̀rá á dán ju bó ṣe yẹ lọ, èèyàn á sì dá a mọ̀ láti òkèèrè. Màmá Kàbà, tí ẹ bá rí èyí tó jẹ́ irun gidi nínú okirika, ẹ bá wa mú un pa mọ́.

Ìyá_Aláṣọ_Kàbà
Mo ti gbọ́. Mo mọ ẹni tí mo máa bi.

Tíṣà_Ìsánlú
Ahunṣọ sọ òótọ́ nípa fífọ̀. Ọ̀nà méjì ló kù tí kò la omi lọ. Èkínní ni òtútù. Ẹ fi aṣọ funfun wé e, kí ẹ kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí ẹ tó so ó pa, kó wà nínú fíríísà tó tutù dé ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 18 sí ìsàlẹ̀ òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìdin, ẹyin, labalábá, gbogbo rẹ̀ á kú. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí òtútù rẹ̀ á fi lọ, kí omi má baà sẹ̀ sára aṣọ.

Èkejì ni ooru, fún ẹni tí kò níná. Aṣọ wíwé nínú ọ̀rá dúdú, lábẹ́ ọ̀rá mìíràn tó mọ́ gaara, nínú oòrùn ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn. Bí àárín aṣọ bá gbóná dé ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 55 fún wákàtí kan sí méjì, wọ́n ti tán.

Ahunṣọ_Ògìdì
Ẹ má bínú, Tíṣà, mi ò fara mọ́ oòrùn fún aṣọ tó ti pẹ́ tó báyìí. Okùn rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn ìyá wa máa ń sá a síta nígbà ọyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ ibòji ni, fún afẹ́fẹ́.

Tíṣà_Ìsánlú
Mo gbà. Fún ti ìpò, òtútù ló dára. Ooru wà fún bùláńkẹ́ẹ̀tì àti kóòtù.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́pà
Iná ìjọba kò lè gbé fíríísà fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsinmi. Ẹ wá ẹni tó ń ta ẹja dídì, àwọn kì í jẹ́ kí tiwọn yọ́. Ẹ kàn fi ọ̀rá méjì wé e nítorí òórùn.

Ọmọ_Bùnú
Ẹnì kan ní Kàbà ti gbà fún wa. Èyí tí kò tíì lu ni a ó kọ́kọ́ gbé lọ, òun náà ni a ó lò níbi ìsìnkú, ìsìnkú náà kò tíì súnmọ́lé. Méjì yòókù á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà a ó gbé wọn lọ bá Ahunṣọ ní Ògìdì. Tíṣà, mo kó ìdin àti labalábá díẹ̀ sínú ìgò. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ? Ọkọ̀ Ìsánlú ń lọ lọ́jọ́ ọjà.

Tíṣà_Ìsánlú
Mo fẹ́ ẹ púpọ̀! Àwọn ìdin ni kí ẹ rì sínú sípírítì pẹ̀lú àpò wọn. Labalábá, ẹ fi tísù wé wọn ní gbígbẹ, kí èépá ìyẹ́ wọn má baà bọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí wọn àti orúkọ abúlé náà sórí ìwé, kí ẹ yà tinú aṣọ sọ́tọ̀ kúrò lára tinú ìtẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣí àpótí yẹn lóṣooṣù, kí ẹ tú ìṣẹ́po aṣọ, kí ẹ gbọn ọ́n. Màmá Kàbà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe ti sányán náà.